Bérìn tó yẹ ẹ̀rọ agégi

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ agégi jẹun ní Òtù, Kòmú tàbí Òkàká kò gbọdọ̀ ra bérìn bí ẹni ra ìṣó. Ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn lè yí ju ìgbà 12,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ìlọta ò súnmọ́ ọn rárá.

Nọ́ńbà ara bérìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Nínú 6202, 02 tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bí ihò àárín ṣe fẹ̀ tó: mìlímítà 15. Ti 6203 jẹ́ 17. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 6204 jẹ́ 20, 6205 jẹ́ 25. Nọ́ńbà yìí nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè lọ́jà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tó tẹ̀lé e ló ń pa ẹ́ńjìnnì.

2RS ni pé rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó dára fún táyà ọ̀kadà, torí eruku ọyẹ́ kò ní í ráyè wọlé. Nínú ẹ̀rọ agégi ńkọ́? Epo tí a pò mọ́ pẹtiróòlù ló ń fún bérìn ní ọ̀rá níbẹ̀. Bí rọ́bà bá dí i, epo ò ní débẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, àyàfi bí èyí tó bá ẹ̀rọ wá bá yàtọ̀.

Ẹ wá wo bérìn tí wọ́n kọ C3 sí lára. Àyè tó wà láàárín àwọn ọmọ irin róbótó àti òrùka wọn pọ̀ díẹ̀ ju ti bérìn lásán lọ. Oníbàárà á gbé e, á mì í, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, èyí ti jẹ, ẹ fún mi ní tuntun.” Tuntun mà ni! Bó bá wọ ṣáàfù, òrùka inú á fẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á tún fẹ̀ sí i, àyè yẹn á sì dín kù. Bérìn lásán tó le dan-in lọ́wọ́ ló máa há, tó máa gbóná, tó máa fọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú wọlé. Àlùmíníọ̀mù nilé ẹ́ńjìnnì; bí iná bá yá a, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, bérìn á sì yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Bó bá di dandan ká tì í, òrùka òde ni ká tì bó bá ń wọ ilé, òrùka inú bó bá ń wọ ṣáàfù. Bí mẹkáníìkì bá ṣì í tì, àwọn ọmọ irin á dá kòtò kéékèèké sójú ọ̀nà wọn, bérìn tuntun á sì máa ké lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ.