Ẹ̀yìn dókítà eyín, ara owó okòwò ni

Bí dókítà eyín bá fẹ́ dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, àga tí aláìsàn yóò máa sùn sí ló máa kọ́kọ́ rà. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ló máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó bá wá ń tán lọ, á gbé àpótí kan tí kò ní ibi tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì wá látilé, á ní òun lòun máa jókòó lé e. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu èèyàn kéré, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí eyín tó wà ní kọ̀rọ̀ á tẹ orí ba, á gbé èjìká kan sókè, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìmira. Nǹkan bíi kílò 5 ni orí àgbàlagbà wọ̀n. Ìṣirò tí dókítà Kenneth Hansraj ṣe ní Amẹ́ríkà, tó gbé jáde lọ́dún 2014, fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ ọrùn síwájú dé ìwọ̀n dígírì 60, ẹrù tó wà lórí ọrùn náà á tó kílò 27.

Láyé àtijọ́, orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọdún 1958 ni àga tó ṣeé dà sẹ́yìn pátápátá jáde ní Amẹ́ríkà, tí dókítà fi lè jókòó. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé àwọn tó fi owó ńlá ra irú àga bẹ́ẹ̀ kì í dà á. Aláìsàn á jókòó bí ẹni tó wà nínú mọ́tò, dókítà á sì máa wọ́ tọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà àti ẹni tí mímí ń ni lára kò gbọ́dọ̀ sùn gbalaja, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ńkọ́?

Mẹkáníìkì tí ẹ̀yìn ń dùn lè ní kí ọmọṣẹ́ òun lọ tú ẹ́ńjìnnì. Dókítà tó dá wà kò lè ní kí nọ́ọ̀sì bá òun yọ eyín. Ọjọ́ tó bá dùbúlẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní títì, onílé kò sì ní torí ẹ̀ dín owó ilé kù.

Kí ẹnu aláìsàn wà ní déédéé ìgúnpá dókítà, kí ẹsẹ̀ dókítà tẹlẹ̀ dáadáa, kó sì dìde nàró bí aláìsàn kan bá ti lọ: kò sí èyí tó ń ná an ní kọ́bọ̀ nínú wọn. Olùrànlọ́wọ́ tó ń fa itọ́, tó sì ń gbé irinṣẹ́ fún un ń gba owó oṣù, àmọ́ ó tọ́ sí i. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá náà dára, bí wọ́n bá wọn ojú ẹni tó fẹ́ lò ó kí wọ́n tó ṣe é. Èyí tí kò bá a mu á tún mú kó tẹ ọrùn sí i ni. Ní ti àga dókítà fúnra rẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ń lọ sókè sódò, kó sì jókòó lé e nínú ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú 10 kó tó sanwó.