Ta Ni Ó Ni Ilé Ọtí Àdúgbò?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwàdà lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ọtí ni, ilé ọtí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń gbé ní ìlú wọn mọ̀ pé ilé yìí kì í ṣe ibi ìmutípara lásán. Níbẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́, awakọ̀ àti àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ń jókòó pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fìwé pè wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ pé ara lágbájá kò yá. Ohun tí abẹ́ igi odán jẹ́ fún àwọn bàbá wa ni ilé ọtí àdúgbò jẹ́ fún wọn.

Ọtí tí a fi ń mọ ojúlówó irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bíà inú àgbá. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, pẹ̀lú òdòdó hops tí ó ń fún un ní ìkorò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti bíà inú ìgò tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ìwúkàrà inú rẹ̀ kò tíì kú nígbà tí ó kúrò ní ilé ìpọntí. Inú àgbá náà gan-an, nínú yàrá tútù abẹ́ ilẹ̀, ni ó ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀. A kì í fi gáàsì tì í jáde; ọwọ́ ni a fi ń fà á sókè. Bí a bá ti ṣí àgbá, bí ọjọ́ mẹ́ta péré ni adùn rẹ̀ fi ń wà. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ẹmu kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu alẹ́. Nítorí náà, olùtọ́jú ilé ọtí gbọ́dọ̀ mọṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní oníbàárà tí ń yà wọlé lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dá, ọtí yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní wàhálà nínú: búrẹ́dì àti wàràkàṣì, àlùbọ́sà tí a rẹ sínú ọtí kíkan, ẹyin sísè. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ pa bíà àgbá rẹ́, ọkùnrin mẹ́rin ni ó dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ ní ọdún 1971 láti gbèjà rẹ̀.

Kí ni ó wá ń pa àwọn ilé wọ̀nyí? Àwọn kan ń dá owó-orí lẹ́bi, àwọn mìíràn ń dá ọtí olówó pọ́ọ́kú tí ó kún ilé ìtajà ńlá lẹ́bi. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tiwa, onílé ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ọdún 1989 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìpọntí tí ó ní ju ilé ọtí 2,000 lọ dẹwọ́ nínú ìdè tí wọ́n fi de àwọn ayálégbé wọn. Èrò náà dára. Ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí kì í pọn ọtí rárá, ra ilé wọ̀nyí lọ́gọ́ọ̀rọ̀, wọ́n ń gba owó ilé, wọ́n sì tún ń fi dandan mú ayálégbé láti ra ọtí lọ́wọ́ wọn ní iye tí ó wù wọ́n. Ọdún 2016 ni òfin tó dé láti kó àwọn tí ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tó 500 níjàánu.

Nunhead wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ènìyàn ti lè ra èlùbọ́ àti ata rodo bí ẹni pé ó wà ní Mushin. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ivy House. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni àwọn onílé tì í pa, wọ́n fẹ́ tà á. Àwọn ará àdúgbò kò jókòó sunkún. Wọ́n ní kí ìjọba kọ orúkọ ilé náà sínú ìwé àwọn ilé tí a kò gbọdọ̀ wó, wọ́n sì lo òfin tuntun ti ọdún 2011 tí ó fi àyè oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún àdúgbò láti wá owó. Ilé náà ni ilé ọtí àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kà sí dúkìá àdúgbò lábẹ́ òfin náà. Ní ọdún 2013 wọ́n rà á ní pọ́n-ùn 810,000, ènìyàn 371 sì ra ìpín nínú rẹ̀. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ì báà ra ìpín púpọ̀, ì báà ra díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí padà.

A kò ní tan ara wa jẹ. Ní ọdún 2018 àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé a lé mẹ́rin nínú wọn, kí a tó gbà wọ́n padà. Ọ̀gá tí ó jẹ́ gbogbo ìlú náà lè di ọ̀gá líle bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, kì í ṣe níwájú àwọn tí kò mọ ọ̀nà àdúgbò náà.

Kí ni ó kan ọmọ Yorùbá? Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Peckham ni kì í mu ọtí, ìbáà jẹ́ nítorí ìjọ tàbí nítorí mọ́ṣáláṣí. A kò ní kí wọ́n mu ún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kì í ṣe ohun àjèjì fún wa. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ti ń dá owó jọ tipẹ́, títí báńkì ẹgbẹ́ náà fi dìde ní Ìbàdàn ní ọdún 1953. Ó burú kí irú ọgbọ́n yìí wà lọ́wọ́ ẹni, kí ó sì máa wòran nígbà tí wọ́n bá ń ta ibi ìpàdé àdúgbò rẹ̀.

Òfin ọdún 2011 kò gba onílé lọ́wọ́ títa fún ẹlòmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà, àléébù rẹ̀ sì nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 2025 ìjọba gbé àbá òfin mìíràn síwájú ilé aṣòfin, kí àdúgbò lè kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rírà kò sí fún ilé tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Olùdìbò àdúgbò 21 péré tí ó para pọ̀ tó láti bẹ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó kọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà tí òfin gbà láti gbé níbẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì, lẹ́tọ̀ọ́ láti di olùdìbò. Kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ó wà lọ́hùn-ún kọ ìwé náà, kí ẹ kó orúkọ 21 jọ, kí pátákó títà tó dé ẹnu ọ̀nà.