Ta Ló Ka Ajégúnlẹ̀?

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," làwọn àgbà wí. Ìjọba ò gba òwe yìí: orí tí wọ́n bá kà ni wọ́n ń pín owó fún. Lọ́dún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, fi díẹ̀ lé ní 680,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó bá ohun tó lé ní 1,400,000. Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò àti àwa Yorùbá yòókù la jọ há síbẹ̀. Ìdajì wa sì sọnù sáàárín ìwé méjì.

Kí ló kan gọ́tà tó ń tú omi sílé wa l'Ájégúnlẹ̀ nínú èyí? Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Àpò àpapọ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ gbójú lé, ìṣirò kan ló sì ń pín in: 40 nínú 100 lọ́gbọọgba, 30 fún iye èèyàn, 10 fún ilẹ̀, ìyókù fún ètò ìgbáyégbádùn àti owó tí a bá pa wọlé lábẹ́lé. Ìka ò dọ́gba, òfin ní kí 40 dọ́gba. Ní ti ilẹ̀, Èkó ló kéré jù lọ. Ìpínlẹ̀ Niger tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ogún. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ l'Ájégúnlẹ̀, ta ló ń wọn ilẹ̀? Búlọ́ọ̀kù ni ìyá ọmọ ń wá kiri, tí yóò fi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè kí fóòmù má baà mu omi. Ní èbúté Àpápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, owó kọ́sítọ́ọ̀mù ń wọ àpò gbogbo Nàìjíríà. Èéfín tírélà àti epo tánkà tó ń ro sí gọ́tà kò bá owó náà lọ.

Àwọn kan ní kí a gbé ìpín náà fún kọ̀ǹpútà, torí kò ní ìbátan, kì í sì í gba rìbá. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ wo owó àjálù àyíká tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sílẹ̀ láti 1981: Àbújá náà ló ń yan ẹni tí yóò jẹ nínú ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ata tó ti rà tí a dà sẹ́nu ẹ̀rọ, ata tó ti rà náà ni yóò lọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a bá fún ní iye orí 2006 yóò rẹ́ Ajégúnlẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ò sì ní rí ẹni tí a ó dì mú.

Kí àjọ RMAFC, tó ń gbé ìlànà ìpín kalẹ̀, fi bí àgbàrá ṣe ń jìn tó àti iye èèyàn tó ń gbé orí éékà kan sínú ìṣirò náà. Kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ lè rí ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kó sì pè wọ́n lẹ́jọ́ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.