Òògùn Tí Owó Ìlú Ṣe, Tí Ìlú Ò Rí Lò

Kò sí páálí òògùn tí àwọn atẹ̀wé òpópónà Shipeolu àti Bajulaiye ní Ṣómólú kò lè tẹ̀. Ẹ gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ bá wọn, wọn yóò kàn bi yín pé ẹgbẹ̀rún mélòó lẹ fẹ́ ni. Òògùn tó máa wọ inú páálí ọ̀hún gan-an ló ṣòroó rí. Púpọ̀ nínú rẹ̀, òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń kó o wọlé. Bẹ́ẹ̀, Bárígà tiwa nínú Ṣómólú àti Yunifásítì Èkó tó wà l'Ákọkà, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. A ò wá lè sọ pé ọ̀mọ̀wé ló jìnnà sí wa.

Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn nìyẹn: pé kò sí ẹni tó lè wá òògùn tuntun rí nílẹ̀ yìí. Irọ́ ni. Wọ́n wá a, wọ́n rí i, owó ìjọba ni wọ́n sì fi wá a. Ìjọba tí yóò bá wọn dé òpin ọ̀nà ni wọn ò rí.

Àìsàn fònikú-fọ̀ladìde, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SS, ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù, tí àwọn dókítà ṣì máa ń tọ́ka sí, jẹ́ nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dún. Ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà ní Bárígà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wọ kíráísísì, ìyẹn ìrora líle SS, lóru mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí: owó ọjà ló máa kó lọ sílé ìwòsàn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò sí ohun tó máa tà.

Orín àtà tí wọ́n ń dì tà lọ́jà ló kọ́kọ́ fa àwọn onímọ̀ lójú mọ́ra. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síta pé oje gbòǹgbò àtà máa ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ nítorí SS padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Nígbà tó fi máa di 1975, ìròyìn ìdánwò àkọ́kọ́ lára àwọn aláìsàn ti jáde. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, orín ni àtà ṣì jẹ́ lọ́jà. Kò tíì di òògùn inú páálí.

Ìtàn Niprisan ló wá dunni jù. NIPRD ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Abùjá ní 1987. Àlùfáà kan, Ògúnyalé, ní egbòogi SS tí ìdílé rẹ̀ ti ń lò tipẹ́, ó sì gbà kí ilé-iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò. Èròjà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí elewé-ọmọ Bárígà tí kò mọ wọ́n. NIPRD ò já egbòogi náà gbà lọ́wọ́ àlùfáà náà. Wọ́n bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ló ń gbé àṣírí wọn wọ sàárè torí ìbẹ̀rù olè. Charles Wambebe, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀ nígbà náà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá gbọn egbòogi yìí, tí wọ́n sọ ní Niprisan, yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n wò ó bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n wá fún àwọn aláìsàn lò lọ́nà tí kò fi sí ẹni tó mọ ẹni tó ń mu òògùn gangan àti ẹni tó ń mu ohun tí kò ní òògùn nínú. Ní 1998, Amẹ́ríkà fún wọn níwèé pé tiwọn ni, ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ jí i ṣe. Ní 2001, èsì ìdánwò jáde: ìrora líle tó máa ń dá àwọn aláìsàn náà gúnlẹ̀ dín kù.

Ibi tí ijó ti yẹ kó gbóná ni ìlù ti ya. Ìjọba ò kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa pò ó. Ní 2002, àṣẹ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Xechem, ilé-iṣẹ́ kékeré kan láti New Jersey. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé òògùn náà jáde fáráyé ní oṣù Keje 2006, tìlù-tìfọn, lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ní oṣù Kọkànlá 2008, Xechem lọ sílé ẹjọ́ l'Amẹ́ríkà láti sọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ọdún méjì àti ààbọ̀ kò tíì pé, ìṣòro ti dé bá òògùn tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá ṣe, kò sì pẹ́ tó fi pòórá lórí àtẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni NIPRD ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bá May & Baker Nigeria tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀.

Òótọ́ ni pé Niprisan kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àwọn onímọ̀ tó ṣàyẹ̀wò ìwádìí náà láti òde sọ pé ó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdánwò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì yẹ kó wáyé. Ta ló wá yẹ kó sanwó ìdánwò ńlá yẹn?

Àwọn kan á ní kí oníṣòwò san án, pé owó ìjọba ò tó. Kí irú wọn bi ara wọn bí hydroxyurea, tí dókítà ń kọ fún àwọn SS lónìí, ṣe dé ọwọ́ wọn. Òògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ ni. Èrè ńlá kankan ò sí lára rẹ̀ mọ́ fún oníṣòwò. Owó ìjọba Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera wọn, ni wọ́n fi ṣe ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Lónìí, Bond Chemical ní Àáwẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń pò ó nílé. Kódà ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kánò àti Kàdúná, láti mọ bí hydroxyurea ṣe lè dènà rọpárọsẹ̀ lára àwọn ọmọ SS, owó ìjọba Amẹ́ríkà náà ló gbé e. Ọmọ wa, dókítà wa, ilé ìwòsàn wa, owó olówó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 tiẹ̀ fi hàn pé nínú òògùn tuntun 210 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láàárín 2010 sí 2016, kò sí ọ̀kan tí owó NIH ò lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ tó bí i.

Kì í sì í ṣe òògùn SS nìkan ló rí bẹ́ẹ̀; àjẹsára náà rí bẹ́ẹ̀. Láti Bárígà, ẹni tó bá gba Akọkà jáde, Yábàá ló máa bọ́ sí. Níbẹ̀ ni ikọ̀ àwọn onímọ̀ àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá yàrá àyẹ̀wò ibà pọ́njú sílẹ̀ sí ní 1925. Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ tó di Gánà, ni ikọ̀ náà ti rí kòkòrò àrùn yìí ní 1927. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó o, ó sì kú l'Ékòó lọ́dún yẹn. Kòkòrò Asibi yìí náà ni Max Theiler lò ní New York láti fi ṣe àjẹsára 17D ní 1937, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Dakar ń ṣe àjẹsára ibà pọ́njú títí dòní. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Brazil ní Rio náà ń ṣe é. Yábàá ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ti ṣànpọ̀nná àti ti dìgbòlugi, títí di 1991, kí ìjọba tó tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Kò tíì ṣí padà. Nígbà tí ibà pọ́njú tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2017, àjẹsára òkèèrè la fi kojú rẹ̀.

Ní 2006, ọdún tí wọ́n jó ijó Nicosan, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà pinnu ní Khartoum pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ sórí ìwádìí. Nàìjíríà ò sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ bù sí i, bí gbogbo rẹ̀ bá parí sórí ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ fún ara wọn kà, asán ni. Ìdánwò ńlá lára aláìsàn àti ibi tí wọn yóò ti pò ó ló yẹ kí owó náà dé. Àdéhùn tí ìjọba bá sì bá oníṣòwò ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé bí ó bá wọko gbèsè, òògùn padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní SS má torí Niprisan tàbí àgbo kankan ju òògùn dókítà rẹ̀ nù. Àmọ́ Ṣómólú ní aṣojú l'Abùjá, níbi tí wọ́n ti ń pín owó yìí. Bó bá tún gbé àpò ìrẹsì wá sí Bárígà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó bá wọn fọwọ́ sí fún ìdánwò òògùn SS nínú ìṣúná ọdún yìí.