Orúkọ Ìlú Wa ní Òpin Ìlà

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n bí orúkọ wọn bá dé òpin ìlà lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ojú ọ̀kan ń rí yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí àyè kò bá gba Ìlobùú mọ́, ẹ̀rọ a máa gbé e lódindi lọ sí ìlà tí ó kàn. Ṣùgbọ́n nítorí àmì ìsopọ̀ tí ó wà láàrin orúkọ kejì, ẹ̀rọ a kà á sí pé a yọ̀ǹda fún òun láti gé e níbẹ̀: “Ìfọ́n-” a dúró lókè, “Ọ̀ṣun” a bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé kí ni èyí já mọ́. Àwa kò kà á sí ohun kékeré. Ìfọ́n mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ṣun sì jẹ́ orúkọ odò àti ti ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìkánjú kàwé lè fi ìlú kan pe òmíràn.

Ẹ̀rọ kò ní ìkà nínú. Òfin ni ó ń tẹ̀lé. Òfin Unicode gbà kí a gé ìlà lẹ́yìn àlàfo àti lẹ́yìn àmì ìsopọ̀, ó sì kà á léèwọ̀ láti ya àmì ohùn kúrò lára lẹ́tà rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a dúpẹ́ fún. Ní 1981, Donald Knuth àti Michael Plass fi hàn pé ó sàn kí ẹ̀rọ wo odindi ìpínrọ̀ kí ó tó pinnu ibi tí yóò ti gé ìlà, ju kí ó máa kún ìlà kọ̀ọ̀kan láìwo iwájú.

Pípín ọ̀rọ̀ gígùn sí méjì ni ó kàn wá jù. Ní èdè wa, kò ṣòro rárá: kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ni gb. Nítorí náà “ẹlẹ́-gbẹ́” ni ó tọ́, kì í ṣe “ẹlẹ́g-bẹ́”. “Ìlo-bùú” ni, kì í ṣe “Ìlob-ùú”. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni a kọ, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó lè fi gé e, tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ wa di àkísà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń tẹ ìwé ìpàdé àti kàlẹ́ńdà fún ìlú méjèèjì, a bẹ̀ yín, ẹ yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ìwé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, àmì ìsopọ̀ kan wà tí kò gba gígé, U+2011 ni nọ́ńbà rẹ̀. Nínú Microsoft Word, ẹ di Ctrl àti Shift mú pọ̀, kí ẹ sì tẹ àmì ìsopọ̀.