Àìmọ̀la Kì Í Ṣe Àwáwí fún Ahun

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí bo ọwọ́ híhá mọ́lẹ̀: wọn a ní ta ló mọ̀ bóyá kànga tí àwọn bá gbẹ́ fún aláìní yóò sun omi? Ṣùgbọ́n babaláwo tí kò mọ ọ̀la kò torí bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kọ́. Ńṣe ni ó ń padà tọ Ifá lọ.

Àwọn àgbà tí ó mu omi adágún ní abúlé oko ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kò jẹ́ gbàgbé sòbìà. Ẹni tí ó bá gbé kòkòrò rẹ̀ mì nínú omi lónìí kò ní í fura títí di nǹkan bí ọdún kan, tí aràn gígùn náà yóò dá ihò sí i lẹ́sẹ̀, tí àgbẹ̀ tí í kọ ebè yóò sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko. Nítorí náà, ẹni tí ó fi aṣọ asẹ́, tí a fi ń sẹ́ omi mímu, tọrẹ lọ́dún yìí, ó di àmọ́dún kí ó tó mọ̀ bóyá ọrẹ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ gbẹ́ kànga, apáta ilẹ̀ Ìbàdàn lè dá a dúró.

Síbẹ̀, àwọn olóore kò káwọ́ gbera. Ju 600,000 alárùn sòbìà lọ ni a kà ní Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989. Ìjọba, àjọ Carter Center àti àwọn ará abúlé fúnra wọn pín aṣọ asẹ́, wọ́n da oògùn sí adágún, wọ́n sì gbẹ́ kànga. Èyí tí mo kà sí jùlọ ni pé oṣooṣù ni àwọn tí a yàn ní abúlé ń ka ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀, kí iṣẹ́ lè yí sí ibi tí àrùn kù sí. Ifá ọrọọrún gan-an nìyẹn. Lọ́dún 2008 ni a rí alárùn ìkẹyìn. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹlòmíràn yóò ní kíkà oṣooṣù yìí ń jẹ owó aṣọ asẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò: ẹni tí kò bá kà kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí aṣọ náà dé.

Ẹ̀yin ọmọ abúlé gbogbo tí ó yí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ká, ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó jọ ní Èkó àti lókè òkun, ẹ má ṣe ná gbogbo rẹ̀ tán sórí kànga kan tí ẹ kọ orúkọ yín sí lára. Ẹ bi àwọn obìnrin tí ń pọnmi léèrè kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí ẹ sì rán ènìyàn padà lọ wò ó bí ọdún bá yí po.