Àlejò Ọjọ́ Kan ní Igbó Ọ̀ṣun

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó bá gbéra ní Maryland, n'Íkẹjà, ní ìdájí lè dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí amọ̀nà fi ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú mọ hàn án, kí ó sì padà lọ́jọ́ náà. Àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Síbẹ̀, ojúbọ ni, kì í ṣe ọgbà ìṣeré. Títí dòní ni wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀. Kí olùkọ́ tó kó akẹ́kọ̀ọ́ wọkọ̀, kí ó kọ́ wọn láti kí àgbà, kí wọ́n sì tọrọ àyè kí wọ́n tó ya àwòrán. Owó ìwọlé kò lè ra àṣẹ onílé.